Páàdì Kan fún Èèyàn Méjì

Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti mọ ọmọ bàbá mi, ilé bàbá wa ló yẹ kí n dárúkọ. Irọ́ ni màá pa. Oṣù mélòó kan la fi jọ gbé inú ilé kan ní Ìkọ̀tún, tí à ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, tí ẹnì kan ò kí ẹnì kejì. Ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò la ti mọra, níwájú tẹlifíṣọ̀n kan tí ojú rẹ̀ pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń lu ara wọn bí ẹní lu bàrà.

Ajórin ni bàbá mi. Ẹgbẹ́dá ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, géètì àti ilẹ̀kùn irin ló ń ṣe. Iṣẹ́ yẹn ló fi kọ́ ilé tí à ń gbé: ilé ilẹ̀ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn là láàárín, tí ṣọ́ọ̀bù méjì wà níwájú rẹ̀, tó kọjú sí títì. Nínú ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni màmá mi ti ń ránṣọ, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ wa ti ń wá. Bàbá mi tún ní ìyàwó kan ní Ìgandò, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyẹn bí fún un. A mọ̀, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ jáde. Ní alẹ́ tí bàbá mi ò bá wálé, màmá mi á ní iṣẹ́ ló pọ̀ ní ìsọ̀, àwa náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìrì sẹ̀ sí i.

Nígbà tí bàbá mi kú, ikú òjijì, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, wọ́n jókòó, wọ́n ní kò bójú mu kí ìyàwó olóògbé máa háyà ilé níta nígbà tí ọkọ rẹ̀ nílé. Ni Ìyá Ìgandò bá kó ẹrù àti ọmọ rẹ̀ wọ yàrá méjì tó wà ní ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà pàṣẹ tán, wọ́n wọkọ̀ padà sílé, wọ́n fi orogún méjì sílẹ̀ nínú ilé tí ilé ìdáná rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Títí di òní, n ò mọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀.

Nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọn ò jà, wọn ò bú ara wọn, wọn ò tiẹ̀ wo ara wọn lójú. Oníkálukú gbé sítóòfù rẹ̀ wọ yàrá. Màmá mi, tó ń fi èdè fífọ̀ jí wa láràárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò omi wa sùn. Ìyá Ìgandò, tí kì í jẹ́ kí ìrun márùn-ún yẹ̀, ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní kọ́kọ́rọ́ bó bá fẹ́ lọ dalẹ̀ nù lásán. Ìkìlọ̀ kan náà làwọn méjèèjì fún àwọn ọmọ wọn: a ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun jẹ lọ́wọ́ àwọn yẹn.

Èmi ni àgbà nínú ọmọ mẹ́rin tí màmá mi bí, n ò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ mi gan-an ni ọmọ Ìgandò. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ẹbí bá fẹ́ pín ilé, ìhà tí àkọ́bí bá ti jáde ló máa kọ́kọ́ mú, ìhà kejì á sì gba èyí tó kù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú máa mú iwájú, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wà, ọmọdé mọ ìyẹn. Màmá mi ní èmi ni àkọ́bí. Ìyá Ìgandò ní ọmọ tòun ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú ti wà ní ibojì. Bí wọ́n bá fi lè sọ pé ọmọ Ìgandò dàgbà jù mí lọ, màmá mi máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ àwa márùn-ún sì parí nìyẹn.

Inú ilé yẹn ni mo ti ń sá lọ síbi géèmù.

Yàrá kan ni, tí wọ́n já ògiri iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì méjì, tẹlifíṣọ̀n méjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń hó lẹ́yìn ilé, ooru, òórùn epo bẹntiróòlù àti ti ìpékeré. Ọmọbìnrin ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó, kí n nà án tán, ká tó sọ̀rọ̀.

Géèmù kan ló gbòde lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n ti ń jà ní méjì-méjì. Àwọn tó ṣe é kó àwọn oníjà jọ láti inú géèmù méjì tí kò bá ara wọn tan rárá. Ẹni tó ń tu iná lẹ́nu wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ lọ náà wà níbẹ̀. Ìtàn ọ̀kan ò kan ìkejì, kò sì sídìí kankan tó fi yẹ kí wọ́n pàdé láyé. Síbẹ̀ wọ́n á dúró ní ìhà kan náà. Ọ̀kan á wọlé jà, ìkejì á dúró lóde. Bí wọ́n bá ń lu ẹni tó wà nínú, ẹ̀mí rẹ̀ á máa dín kù lókè tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kì í lọ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Apá tí wọ́n lù kúrò á kọ́kọ́ pupa. Bó bá tètè jáde, tí ẹnì kejì rẹ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀, ibi tó pupa yẹn á máa padà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sinmi lóde. Bó bá pẹ́ jù nínú, ó lọ nìyẹn.

Ohun tó fà mí mọ́ géèmù náà nìyẹn, kì í ṣe ìjà. N ò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń gba ẹni tí wọ́n ń lù láyè pé kó jáde lọ jókòó kí ara rẹ̀ padà. Bàbá mi ò jáde. Ẹ̀gbẹ́ irin tó ń jó lọ́wọ́ ló ṣubú sí. Màmá mi náà ò ráyè jáde, ó ń ti ìsìnkú bọ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ.

Páàdì, ohun tí à ń tẹ̀ lọ́wọ́ láti fi darí oníjà, méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n ti fi téèpù wé wọn káàkiri. Nítorí náà páàdì kan ni èèyàn méjì ń lò ní ìhà kan. Bí oníjà rẹ bá fẹ́ jáde, wàá gbé páàdì lé ẹnì kejì rẹ lọ́wọ́, wàá ní, "Gbà." Bọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ṣòfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a gbà. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ fà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá sì ní gbà, tí ìkejì kọ̀ tí kò na ọwọ́, kò sí ohun tó lè ṣe mọ́ ju kó máa jà lọ. Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan odì nítorí òfin yìí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin tí a jọ máa ń gbá a ò wá. Ọmọ Ìgandò sì dúró ti òpó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò. Bọ̀dá géèmù wo èmi, ó wo òun.

Ó ní, "Ṣebí ilé kan náà lẹ̀yin méjèèjì ti wá? Ẹ jókòó jàre, ẹ má fi àkókò ṣòfò."

A jókòó. Òun mú ọkùnrin ńlá kan tí kì í yára, tí iná ń ta jáde ní ọwọ́ rẹ̀. A ò lè ka orúkọ àwọn oníjà yẹn, àwa la ń sọ wọ́n lórúkọ, Ajórin ni wọ́n sì ń pe ìyẹn kí òun tó dé. Mo wò ó bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni. Kò wo ojú mi. Èmi mú obìnrin kan tó máa ń sáré káàkiri, tí kò lágbára púpọ̀. Ìjà wọra. Wọ́n sé mi mọ́ igun, wọ́n ń lù mí, mo ń fi agídí jà bọ̀. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé.

"Ó ti pupa o. Gbé e wá."

Mo ní, "Gbà." Ó gbà á. Ajórin wọlé, kò sì sẹ́ni tó bá a dọ́gba lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà la ti di pátínà. Bí àwọn tó bá jọ ń gbá a ṣe máa ń pe ara wọn nìyẹn. Tí èèyàn bá rí wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á rò pé a ò mọra. Níbi géèmù, a jọ ń mumi nínú ọ̀rá kan ni. Ó ra pọfupọ́ọ̀fù wá lọ́jọ́ kan, ó bù ú sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Àwa méjèèjì rántí àwọn ìyá wa. Mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, mo sì jókòó, mo ń retí kí inú rún mi.

Ó bi mí pé, "Ṣé o ti ń kú?"

Mo ní, "Kò tíì dé ọ̀fun."

A rẹ́rìn-ín títí Bọ̀dá géèmù fi lé wa síta.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí tó ń jẹ àwọn ìyá wa níyà, eré lásán ni lọ́wọ́ wa. Ẹni tí oníjà rẹ̀ bá kọ́kọ́ kú lọ́jọ́ Sátidé, òun ni àbúrò títí di Sátidé tó ń bọ̀, òun ló máa sáré lọ ra omi. Lónìí èmi, lọ́la òun. N ò tíì ní ẹnì kan tí mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ rí, títí kan àwọn tí a jọ mu ọmú kan náà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tún dé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kó àga jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí wọn. Màmá mi ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, nítorí òun bí mẹ́rin. Wọ́n ní rárá, ìdí igi ni àṣà ilé àwọn: ìyá méjì, ọ̀nà méjì. Ó kù kí wọ́n mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Màmá mi mú ìwé ọjọ́ ìbí mi jáde, ìyá kejì mú ti ọmọ tirẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò tiẹ̀ gbà wọ́n.

Ó ní, "Ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbà lẹ́yìn ikú ọkọ yín, kí ni kí n fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká bi àwọn ọmọ. Ọmọ máa ń mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ó nawọ́ sí ọmọ Ìgandò. "Ìwọ ọkùnrin, wá síbí. Kí ni bàbá yín máa ń pe ara yín fún yín? Ta lẹ̀gbọ́n, ta làbúrò?"

Ìyá rẹ̀ ti múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ó ti fá orí fún un, ó ti wọ bùbá funfun sí i lọ́rùn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tó ń kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Màmá mi náà ti kọ́ èmi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́yìn mi, àwọn àbúrò mi jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìgandò wò mí. Ó wo ẹ̀rọ náà. Ó rìn wá sí ọ̀dọ̀ mi láàárín gbogbo àgbà yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi, ó fi àyà kan sìmẹ́ǹtì.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Nígbà tó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni fẹ́ gbé nǹkan fún mi, ó tún yára kó wọn sẹ́yìn. Mo mọ ohun tó ṣe. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀rọ̀ ti parí, ó bèèrè omi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn wọ̀nyí wà lọ́jà, wọ́n jókòó, ọmọ ló tún orí ara rẹ̀ ṣe. Ìyá rẹ̀ tú gèlè, ó tún un wé. Mo wo ojú obìnrin yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí.

Màmá mi mú iwájú. Kò pẹ́ tí ìyá kejì fi ta apá tirẹ̀ fún ọkùnrin kan tó wó o palẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, iléèwé ni mo wà nígbà tí wọ́n kó ẹrù sọ́kọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo délé, yàrá wọn ti ṣófo, àmì ibi tí sítóòfù wọn dúró sí ṣì wà nílẹ̀. Kò fi ìránṣẹ́ kankan sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ mo sunkún, màmá mi rí mi, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá géèmù ní, "Pátínà ńkọ́?" Mo ní ó rìnrìn àjò. Mo mú obìnrin mi, mo mú Ajórin pẹ̀lú, mo ń dá àwọn méjèèjì gbá. Wọ́n lu Ajórin, mo mú un jáde kó sinmi. Ẹ̀mí rẹ̀ padà, ó kún, ó dúró lóde. Ó yẹ kí n pè é wọlé, ṣùgbọ́n páàdì ò lọ síbì kankan, ọwọ́ mi náà ló wà. Mo jẹ́ kí wọ́n lu èmi títí mo fi kú. N ò gbá géèmù yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀bù náà di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù iwájú yẹn ló rán gbogbo wa níléèwé. Mo lọ́kọ, mo bímọ ní Àkówonjo, màmá mi ṣì ń ránṣọ níbẹ̀ títí àìsàn fi dá a dúró. Mo ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó ṣàdédé sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ọmọ Ìgandò yẹn. Òun ló dàgbà jù ọ́ lọ. Oyún rẹ ò tíì hàn lára mi nígbà tí bàbá yín lọ sọ ọ́ lórúkọ."

Mo ní, "Màámi, ṣé òun mọ̀?"

"Ó mọ̀. Bàbá yín sọ fún mi pé òun ti sọ fún un." Ó yí ojú sí ògiri. "Mo máa ń gbàdúrà fún un ju ẹ̀yin tí mo bí lọ."

Mo fẹ́ bínú, àánú ni kò jẹ́.

Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni mo tún rí ọmọ bàbá mi. N ò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo jókòó láàárín àwọn tó wá kí wa nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, tó tín-ín-rín, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí àpá iná wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ bàbá wa ló kọ́. Kí n tó dìde, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere."

Àwọn èèyàn ń kan sáárá sí i, wọ́n ní àbúrò gidi ni, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí yàrá wọn wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Pátínà, ó tó. Màmá mi ti sọ fún mi."

Ó wo àwọn ọmọ mi tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á ní kí ló dé."

"Àwọn àgbà tó pín ilé ti kú tán. Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi náà ti lọ. Wọn ò jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo ní ìyàwó tán kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò rọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ń wá ọmọ tó bu pọfupọ́ọ̀fù sí méjì. Ó ti wà lóde tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan tó padà sí i lára. Omi bọ́ lójú mi. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i.

Mo ní, "Gbà."

Ó wo ọwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ mú un dání. Tí mo bá gbà á báyìí, màmá yín á di òpùrọ́ nínú sàréè."

Ó tún dọ̀bálẹ̀ láti dágbére. Èmi tí òun fi oṣù dàgbà jù lọ ló ní kó dìde, bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ní kí àbúrò dìde.